Imú Tí Kò Gbóòórùn Mọ́ Lẹ́yìn Àìsàn: Èwo Nínú Àwọn Ìtọ́jú Ló Yẹ Kí Ẹ Mú?

Ibà ti lọ, ikọ́ ti dáwọ́ dúró, ọ̀fìnkìn ti gbẹ, ṣùgbọ́n ìrú ń ta sánsán nínú ọbẹ̀, ẹni tó ń sè é kò mọ̀. Kòrónà ló jẹ́ kí gbogbo ayé máa sọ ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ kì í ṣe òun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ̀fìnkìn lásán àti fúlúù ti ń gba òórùn lọ́wọ́ àwọn èèyàn ọjọ́ ti pẹ́, pàápàá àwọn tó ti lé lógójì ọdún. Lára àwọn tí Kòrónà ṣe bẹ́ẹ̀ fún, èyí tó pọ̀ jù ló gbádùn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lọ́dún 2022, ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ gbé àkójọ ìwádìí 18 jáde, àwọn tó ṣe é sì fojú bù ú pé nínú ọgọ́rùn-ún, bíi 5 tàbí 6 ni ìṣòro náà máa pẹ́ lára wọn. Ẹ wo iye èèyàn tó kó Kòrónà láyé, kí ẹ tó sọ pé 5 kéré.

Àwọn yẹn ni mo ń bá sọ̀rọ̀: ẹni tí ara rẹ̀ ti yá, tí imú rẹ̀ ṣì kọ̀ lẹ́yìn oṣù kan, oṣù mẹ́fà, tàbí ọdún kan. Wọn kì í wá ìmọ̀ràn tì. Kẹ́míìsì á ní kí ẹ gbé oògùn oníhóró, ẹlòmíì á ní ti fífín símú ló dáa, ìyá àgbà á ní àgbo ló kù, àbúrò tó wà ní London á sì fi fídíò ọsàn sísun ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Ohun mẹ́rin ni mo máa wò lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rí ni àkọ́kọ́: ṣé wọ́n ti fi àwọn tó lò ó wé àwọn tí kò lò ó? Èyí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ, nítorí pé imú ọ̀pọ̀ èèyàn ń sàn fúnra rẹ̀, ohunkóhun tí wọ́n bá sì ń lò nígbà tó sàn ni wọ́n máa kí kú iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ewu tó wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni owó, àti bóyá ẹ lè rí nǹkan ọ̀hún rà nítòsí. Ìkẹrin ni ipò ẹni tó fẹ́ lò ó: bó ṣe pẹ́ tó, àìsàn míì tó wà lára rẹ̀, àti bóyá ńṣe ni kò gbóòórùn rárá tàbí òórùn ló yí padà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe yín

Iṣan méjì ló ń ṣiṣẹ́ nínú imú. Ọ̀kan ń gbé òórùn lọ sínú ọpọlọ, èkejì ń jíṣẹ́ nǹkan tó ń ta, tó tutù, tàbí tó ń jó. Fáírọ́ọ̀sì sábà máa ń ba àkọ́kọ́ jẹ́, kó fi èkejì sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí imú rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ rárá ṣì lè ṣí agolo Robb, kó ní, “Ṣebí mo gbọ́ èyí.” Kò gbọ́ ọ. Méńtọ́ọ̀lù àti káfúrà inú rẹ̀ ló ń ta á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ata tó ń jó lórí iná, àti lọ́fíńdà tí ọtí inú rẹ̀ pọ̀. Kọfí ni kí ẹ fi dán an wò. Ẹ di ojú, kí ẹlòmíì gbé kọfí àti ife òfìfo sábẹ́ imú yín lọ́kọ̀ọ̀kan láìsọ èyí tó jẹ́. Tí ẹ kò bá mọ ìyàtọ̀, ọ̀rọ̀ ti di ti dókítà etí, imú àti ọ̀fun.

Ẹ má fo dókítà yẹn. Ó máa fi ẹ̀rọ tínínrín tó ní iná lórí wo òkè imú, nítorí pé ẹran tó hù sínú imú tàbí imú dídí tó ti pẹ́ lè fa ohun kan náà, ìtọ́jú tiwọn sì yàtọ̀. UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Èkó àti OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ ní ẹ̀ka yìí. Tó bá jẹ́ ihò imú kan ṣoṣo ló kọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde níbẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ forí gbá, tàbí tó ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ láìsí ọ̀fìnkìn kankan, ẹ pa ìwé yìí dé, kí ẹ lọ síbẹ̀ ní kíá.

Tó bá dájú pé fáírọ́ọ̀sì ló fà á, ohun tó ṣẹlẹ̀ kò le púpọ̀ láti lóye. Òórùn ń wọlé láti ibì kékeré kan ní òkè imú lọ́hùn-ún, níbi tí iṣan gba inú àwọn ihò wínniwínni ojú eegun bọ́ sínú ọpọlọ. Ní ti Kòrónà, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣètọ́jú iṣan yìí ni fáírọ́ọ̀sì náà ń kọlù ní pàtàkì. Nígbà tí olùtọ́jú bá ṣubú, iṣan kò lè dá dúró. Ohun ìdùnnú ibẹ̀ ni pé iṣan yìí wà lára ìwọ̀nba iṣan tó lè hù padà lára àgbàlagbà. Oṣù ló ń gbà, kì í ṣe ọjọ́.

Kéèyàn kàn dúró

Ìtọ́jú ni dídúró náà, kò sì gba kọ́bọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, òun ni mo máa mú, bóyá kí n máa fi omi iyọ̀ fọ imú. Omi yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n sè, tí wọ́n jẹ́ kó tutù. Omi ẹ̀rọ tàbí ti kànga tí wọn kò sè lè ní kòkòrò tíntìntín kan tó ń gba imú wọ ọpọlọ. Kò wọ́pọ̀, àmọ́ ó ń pani.

Ewu dídúró kò sí nínú imú, inú ilé ìdáná ló wà. Gáàsì tí à ń fi dáná kò ní òórùn fúnra rẹ̀. Ohun kan tó ń rùn burúkú ni wọ́n pò mọ́ ọn kí a lè mọ̀ tó bá ń jò. Ẹni tí imú rẹ̀ kò gbóòórùn kò lè gbára lé ìyẹn mọ́. Ẹ gbé sílíńdà síta, kí ẹ ho ọṣẹ sínú omi, kí ẹ fi pa orí rẹ̀ àti ojú ibi tí rọ́bà ti so mọ́ ọn. Tó bá ń ru ìfófòó, ó ń jò. Ẹ kọ ọjọ́ sára ike ọbẹ̀ tí ẹ bá gbé sínú fíríìjì. Ní ti èéfín jẹnẹrétọ̀, imú tó yè kooro gan-an kò lè gbọ́ èyí tó ń pani nínú rẹ̀, torí náà ibi tó jìnnà sí fèrèsé ló ń gbé, imú ì báà dáa ì báà má dáa.

Ẹ ṣọ́ iyọ̀ pẹ̀lú. Ahọ́n ṣì ń mọ iyọ̀, ṣúgà, kíkan àti kíkorò, ṣùgbọ́n nǹkan tó kù tí à ń pè ní adùn ọbẹ̀ láti imú ló ti ń wá. Nígbà tí ìyẹn bá lọ, ọwọ́ a máa yá sí mágí àti iyọ̀, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru á sì fi ara rẹ̀ sínú wàhálà méjì.

Ìdánrawò imú

Ní ìlú Dresden ní Jámánì, Thomas Hummel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì ìwádìí kan jáde lọ́dún 2009. Wọ́n ní kí àwọn tí imú wọn kò ṣiṣẹ́ máa fa òórùn mẹ́rin símú láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 12: òdòdó róòsì, yukalíptọ́ọ̀sì, ọsàn lẹ́mọ́ọ̀nù àti kànáfùrù. Àwọn tó ṣe é gbádùn ju àwọn tí kò ṣe é lọ. Láti ìgbà náà, àwọn míì ti tún un ṣe níbòmíràn. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Tọ́kì, tó jáde lọ́dún 2015, fi hàn pé ẹni tó bá ṣe é pẹ́, bí ọ̀sẹ̀ 36, tó sì ń pààrọ̀ òórùn mẹ́rin náà ní gbogbo ọ̀sẹ̀ 12, ń rí èrè jù. Nígbà tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n imú láti orílẹ̀-èdè mélòó kan pàdé lórí ọ̀rọ̀ Kòrónà, òun nìkan ni gbogbo wọn gbà pé kí wọ́n fún gbogbo aláìsàn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ wá ìgò kékeré mẹ́rin tó ní ìdérí. Ẹ fi òwú sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kán epo olóòórùn sí i, irú kan nínú ìgò kan, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ síta. Ẹ ṣí àkọ́kọ́, ẹ gbé e sábẹ́ imú, kí ẹ máa rọra fà á símú díẹ̀díẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 20. Kì í ṣe fífà tagbára-tagbára. Bí ẹ ṣe ń fà á, kí ẹ máa rò ó: báwo ni kànáfùrù ṣe máa ń rí nínú ẹ̀kọ gbígbóná? Níbo ni mo ti máa ń bá a pàdé? Ẹ sinmi díẹ̀, kí ẹ tó mú ìkejì. Gbogbo rẹ̀ kò gba ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ẹni tí kò bá rí epo róòsì rà kò pàdánù. Kànáfùrù tí wọ́n gún, èèpo ọsàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, ewé efinrin tí wọ́n ra mọ́wọ́, àti kọfí tí wọ́n lọ̀ á ṣe é, tí ẹ bá ń pààrọ̀ èyí tó bá ti ṣá. Lójú tèmi, àǹfààní kan tún wà nínú tiwa: ọpọlọ kò ní ìrántí kankan nípa róòsì fún ọ̀pọ̀ nínú wa, ṣùgbọ́n ta ló gbàgbé efinrin? Robb ni kí ẹ má fi ṣe é, ẹ ti mọ ìdí rẹ̀.

Owó rẹ̀ kéré ju ti gbogbo oògùn lọ. Ewu rẹ̀ kò tó nǹkan, àfi ẹni tí epo olóòórùn máa ń mú ikọ́ fée rẹ̀ dìde. Níbo ló ti kù káàtó? Ó ń súni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á kọjá, èèyàn kò ní gbọ́ nǹkan kan, á sì ju ìgò sínú dúrọ́ọ̀. Kì í sì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo èèyàn. Ẹlòmíì á fi ọdún kan ṣe é, kékeré ló máa padà. Àwọn tó wà ní Britain lè bá GP wọn, ìyẹn dókítà àdúgbò wọn, sọ̀rọ̀, ẹgbẹ́ Fifth Sense tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 2012 náà sì ń ran irú àwọn èèyàn báyìí lọ́wọ́.

Sítẹ́rọ́ìdì: orúkọ kan, oògùn mẹ́ta

Sítẹ́rọ́ìdì ni oògùn tó ń mú kí wíwú lọ sílẹ̀. Ibí yìí ni ewu ti pọ̀ jù, ibẹ̀ náà sì ni kẹ́míìsì ti ń tètè tọ́ka sí.

Ti hóró ni kí n kọ́kọ́ mú. Pẹrẹdinisólóònù wà káàkiri, owó rẹ̀ kò wọ́n, ọ̀pọ̀ ilé oògùn sì ń tà á láìbéèrè ìwé dókítà. Ní Netherlands, wọ́n dán an wò lára èèyàn 115 tí Kòrónà gba òórùn lọ́wọ́ wọn: àwọn kan gba mílígíráàmù 40 lóòjọ́ fún ọjọ́ 10, àwọn yòókù gba hóró tí kò ní nǹkan kan nínú. Èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2022. Kò sí ìyàtọ̀. Ẹ wá gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí oògùn náà lè ṣe: ó ń gbé ṣúgà sókè nínú ẹ̀jẹ̀, ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó ń ru ọgbẹ́ inú, kì í jẹ́ kéèyàn sùn. Ó tún lè mú kí eegun ìdí itan kú, eegun yẹn gan-an ló sì ń dààmú àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ládìde tẹ́lẹ̀. Nílé tí àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí fòníkú-fọ̀ládìde bá wà, ẹni tó gba pẹrẹdinisólóònù lọ́wọ́ kẹ́míìsì nítorí òórùn ń fi ẹgbẹ̀rún wá ọgọ́rùn-ún. Dókítà tó rí imú wíwú gidi lè kọ ọ́, ìyẹn yàtọ̀.

Ti fífín símú kò léwu tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìṣòro rẹ̀ ni pé kì í dé ibi tó ń lọ. Iwájú imú ni èyí tó pọ̀ jù ń dúró sí. Àwọn oníṣègùn ní Íjíbítì fi mómẹtasóònù dán an wò lára èèyàn 100 lọ́dún 2021: ìdajì ń fín in, wọ́n tún ń ṣe ìdánrawò imú, ìdajì kejì ń ṣe ìdánrawò nìkan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìyàtọ̀ láàárín wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tí eruku tàbí òtútù máa ń dí nímú lè jẹ àǹfààní rẹ̀, torí imú tó dí kò lè gbóòórùn. Fún imú tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹ fi owó yín sápò.

Ìkẹta ni mo gbà pé ó yẹ kí ẹ gbé yẹ̀ wò: budesonáìdì tí wọ́n pò mọ́ omi iyọ̀ láti fi fọ imú. Oògùn olómi tí wọ́n ń fún oníkọ́ fée láti fi ẹ̀rọ fà símú ni. Ní yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi wé omi iyọ̀ lásán lára èèyàn 133, gbogbo wọn sì ń ṣe ìdánrawò imú. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó fi oògùn fọ̀ ọ́, bíi 44 ló rí ìyípadà. Nínú àwọn olómi iyọ̀ lásán, bíi 27. Ọdún 2018 ni èsì náà jáde, kí Kòrónà tó dé. Ó wọ́n ju ti hóró lọ, ó ń gba àkókò, a sì ní láti rí dókítà tó máa sọ ìwọ̀n rẹ̀. Èyí tó ń wọ ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀ kéré gan-an sí ti hóró. Tó bá jẹ́ kíkán ni dókítà ní kí ẹ máa kán sítẹ́rọ́ìdì símú, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀, kí ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, kó lè ṣàn lọ sókè ibi tí òórùn ń gbà.

Fítámì, epo ẹja àti síńkì

Fítámì A tí wọ́n ń kán símú ló ní nǹkan díẹ̀ láti fi hàn. Ní Dresden náà, lọ́dún 2017, àwọn tó ń kán an fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ pẹ̀lú ìdánrawò gbádùn ju àwọn tó ṣe ìdánrawò nìkan lọ: bíi 37 nínú ọgọ́rùn-ún sí 23. Ṣùgbọ́n ìwé ìtọ́jú ni wọ́n padà lọ yẹ̀ wò, kì í ṣe ìdánwò tí wọ́n pín àwọn èèyàn sí ọ̀nà méjì látìbẹ̀rẹ̀, torí náà ẹ̀rí rẹ̀ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa. Ẹ má fi hóró fítámì A olówó gọbọi dípò rẹ̀. Ó ń kó jọ sínú ẹ̀dọ̀, ó sì lè ba oyún jẹ́.

Epo ẹja kò fi bẹ́ẹ̀ pani lára, kò sì fi bẹ́ẹ̀ dájú. Ẹni tó ń jẹ títùs àti sàdíìnì déédéé ti ń rí i. Síńkì tí à ń gbé mì kò ní ẹ̀rí gidi lórí ọ̀rọ̀ yìí. Síńkì tí wọ́n ń fín símú ni kí ẹ sá fún: lọ́dún 2009, àjọ FDA tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún aráàlú nípa irú rẹ̀ kan tí wọ́n ń lò sí ọ̀fìnkìn, nítorí pé ó ń sọ imú àwọn èèyàn di èyí tí kò gbóòórùn.

Abẹ́rẹ́ ẹ̀jẹ̀ ara ẹni

PRP ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ yín, wọ́n á fi ẹ̀rọ yí i kí wọ́n lè rí omi tó kún fún ohun tó ń ran ọgbẹ́ lọ́wọ́ láti san, wọ́n á sì gún un sínú imú lókè, nítòsí ibi tí òórùn ń gbà. Ìdánwò kékeré kan tó jáde láti Stanford lórí àwọn tí Kòrónà ba imú wọn jẹ́ mú kí orí àwọn èèyàn wú, torí àwọn tó gba abẹ́rẹ́ gidi gbádùn ju àwọn tó gba omi iyọ̀ lọ dáadáa. Àmọ́ àwọn tó kópa nínú rẹ̀ kò ju bí ìwọ̀nba èèyàn tó lè kún bọ́ọ̀sì Coaster kan lọ. Ó wọ́n, ibi tí wọ́n ti ń ṣe é kò pọ̀, àwọn adójútòfò ìlera sì sábà máa ń kọ̀ láti sanwó rẹ̀. Tí ilé ìtọ́jú kan bá polówó rẹ̀ fún yín, ẹ bi wọ́n bóyá dókítà imú ló máa gún un. Àwọn kan ń lò ó láti fi dán awọ ojú. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí pé wọ́n mọ ọ̀nà òkè imú.

Èyí tó wà nílé

Fídíò ọsàn tí wọ́n sun lórí iná, tí wọ́n bó, tí wọ́n fi ṣúgà jẹ, kò mú nǹkan kan padà ju inú kíkún lọ. Fífi aṣọ borí lórí omi gbígbóná lè tú imú dídí, kì í mú iṣan hù, ó sì ti bó ọ̀pọ̀ ọmọdé lára. Àgbo mímu kò ní ìwádìí kankan tó fi wé aláìmu lórí òórùn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni nǹkan tí wọ́n ń kán símú: àdí, epo àgbọn, oje ewé, ọtí. Epo tó bá ti imú yọ́ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró lè fa àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tó le, oje tó ń ta sì lè jó ibi tí à ń bẹ̀ pé kó hù padà.

Tí òórùn bá yí padà ńkọ́?

Àwọn kan kò pàdánù òórùn. Ó bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ ni. Àlùbọ́sà tó ń dín á máa rùn bí òkú ẹran, kọfí á di ìdọ̀tí, ọṣẹ ìfọyín á di èébì. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí oníná so wáyà pálọ̀ mọ́ ti ilé ìwẹ̀. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì tàbí ìkẹta, lẹ́yìn tí èèyàn ti rò pé òun ń gbádùn, ó sì sábà jẹ́ àmì pé iṣan ń hù. Ẹran díndín, ẹyin, aáyù, àlùbọ́sà àti kọfí ló ń dá a sílẹ̀ jù. Oúnjẹ tútù máa ń rọrùn: ẹ̀kọ tútù, búrẹ́dì, èso, ìrẹsì funfun tí iná ti kúrò lára rẹ̀. Kí ará ilé má sọ pé àṣejù ni ó ń ṣe. Ẹni tí oúnjẹ ń rùn sí lè rù débi tí yóò fi ṣubú.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Tí kò bá tíì pé oṣù kan, ẹ dúró, ẹ máa fọ imú, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò láti ọ̀sẹ̀ kẹta.

Láàárín oṣù kan sí ọdún kan, ìdánrawò imú ni ìpìlẹ̀, ẹ fún un ní oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Tí ẹ bá lágbára rẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà imú nípa budesonáìdì tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Òun ni mo máa fi kún un kí n tó fi fítámì A kún un.

Aboyún: ìdánrawò nìkan, fítámì A èèwọ̀. Alátọ̀gbẹ, ẹlẹ́jẹ̀ ríru, ọlọ́gbẹ́ inú, ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ládìde: ẹ má fọwọ́ kan hóró sítẹ́rọ́ìdì lórí ọ̀rọ̀ yìí láìjẹ́ pé dókítà tó mọ̀ yín ló kọ ọ́.

Ẹni tí òórùn yí padà fún náà lè ṣe ìdánrawò, kó fi èyí tí kì í rí i lára bẹ̀rẹ̀. Tí kànáfùrù bá ń rùn sí i, kó fi èèpo ọsàn rọ́pò.

Àwọn olóúnjẹ, àwọn tó ń pò lọ́fíńdà, ẹni tí imú jẹ́ irinṣẹ́ rẹ̀: tí ọdún kan ìdánrawò tòótọ́ bá ti kọjá láìsí ìyàtọ̀, tí owó sì wà, PRP tọ́ kí wọ́n lọ bi dókítà imú léèrè. Fún ẹlòmíì, mi ò rò pé kó tà ilẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ẹni tó ti lé lọ́dún méjì kò tíì bọ́ sínú òkùnkùn, torí àwọn kan ń gbádùn pẹ̀lú bó ṣe pẹ́ tó yẹn. Kó máa bá ìgò mẹ́rin rẹ̀ lọ tí kò bá sú u, àmọ́ owó àkọ́kọ́ tó bá ní, ẹ̀rọ tó ń ké nígbà tí gáàsì bá ń jò àti èyí tó ń ké tí èéfín bá wà nínú ilé ni kó fi rà.